Fẹlá Ṣówándé: Ọmọ Yorùbá tó fi jáàsì gbayì ní Lọ́ńdọ̀nù kó tó sọ orin ilé di orin àgbáyé

Bí wọ́n bá dárúkọ Fẹlá láàrin àwọn Yorùbá lónìí, ọ̀dọ̀ Fẹlá Aníkúlápó-Kútì ni ọkàn gbogbo èèyàn máa ń kọ́kọ́ lọ, ọkùnrin Abẹ́òkúta tó fi orin afrobeat bá ìjọba ológun jà. Kò sí ohun tó burú níbẹ̀, nítorí òkìkí ọkùnrin náà kàn jákèjádò ayé. Ṣùgbọ́n kí wọ́n tó bí Fẹlá yẹn lọ́dún 1938, Fẹlá mìíràn tóun náà jẹ́ ọmọ Ẹ̀gbá ti wà nílùú Lọ́ńdọ̀nù, tó ń tẹ píánò jáàsì fáwọn èèyàn ńláńlá láti jó sí. Olúfẹlá Ṣówándé lorúkọ rẹ̀. Òun ni ọ̀pọ̀ àwọn onímọ̀ kà sí bàbá orin àkọsílẹ̀ ní Nàìjíríà, ìyẹn orin tí wọ́n ń kọ sínú ìwé pẹ̀lú àmì kí ẹlòmíràn tó lè kọ ọ́.

Ohun tó yani lẹ́nu ni pé àwọn ará Kánádà gbọ́ orin ọkùnrin yìí lórí rédíò wọn fún ọ̀pọ̀ ọdún, ṣùgbọ́n bí èèyàn bá dúró ní Ọjà Ọba nílùú Ìlọrin tàbí ní Dùgbẹ̀ nílùú Ìbàdàn, tó bèèrè ẹni tó ń jẹ́ Fẹlá Ṣówándé, ó lè bi ọgọ́rùn-ún èèyàn kó má rí ẹni tó mọ̀ ọ́n. Àwọn àgbà sì ní odò tó bá gbàgbé orísun rẹ̀, gbígbẹ ni yóò gbẹ. Ìdí nìyí tó fi yẹ kí ìtàn Ṣówándé di mímọ̀, kí a sì mọ ohun tí ìtàn náà ń kọ́ àwọn tó ni dadakúàdà, wákà, sákárà àti àwọn orin ìbílẹ̀ yòókù.

ILÉ ỌLỌ́RIN NI WỌ́N BÍ I SÍ

Ọjọ́ 29, oṣù karùn-ún, ọdún 1905 ni wọ́n bí Ṣówándé. Emmanuel Ṣówándé ni bàbá rẹ̀, àlùfáà ìjọ Áńgílíkà ni, ó sì wà lára àwọn tó kọ́kọ́ ń gbìyànjú láti fi ohùn Yorùbá ṣe orin ìsìn nínú ṣọ́ọ̀ṣì.

Ìgbìyànjú yìí kì í ṣe ohun kékeré láyé ìgbà náà. Nígbà tí àwọn míṣọ́nnárì dé, orin Gẹ̀ẹ́sì ni wọ́n túmọ̀ sí Yorùbá, ṣùgbọ́n ohùn òyìnbó ni wọ́n fi ń kọ ọ́. Èdè Yorùbá sì jẹ́ èdè olóhùn. Bí ohùn bá yí padà, ìtumọ̀ ti yí padà nìyẹn. Ọkọ tó fẹ́ ìyàwó kì í ṣe ọkọ́ tí àgbẹ̀ fi ń roko, bẹ́ẹ̀ ni kì í ṣe ọkọ̀ tó ń ná Ìlọrin sí Ògbómọ̀ṣọ́. Nígbà tí ohùn orin bá wá ń gòkè níbi tó yẹ kí ọ̀rọ̀ ti sọ̀ kalẹ̀, ohun tí akọrin ń wí lè di ohun mìíràn pátápátá létí ẹni tó ń gbọ́. Àwọn bíi bàbá Ṣówándé rí i pé bí ọ̀rọ̀ bá ṣe ń dún lẹ́nu ló yẹ kí orin máa dún.

Ẹlòmíràn tó tún tọ́ Ṣówándé sọ́nà ni T. K. Ẹ̀kúndayọ̀ Phillips, ẹni tó ń tẹ ọ́gáànì ní ṣọ́ọ̀ṣì Katidírà ti Kírísítì ní Mẹ̀rínnà, nílùú Èkó, láti ọdún 1914 títí di 1962. Ìwé kan tí Phillips kọ nípa orin Yorùbá jáde lọ́dún 1953. Nínú ẹgbẹ́ akọrin rẹ̀ ni Ṣówándé ti ń kọrin láti kékeré, ọ̀dọ̀ rẹ̀ náà ló sì ti kọ́ bí wọ́n ṣe ń tẹ ọ́gáànì. Ó lọ sí ilé-ẹ̀kọ́ CMS Grammar School àti King's College, méjèèjì l'Ékòó.

Ṣùgbọ́n nǹkan mìíràn tún ń dún l'Ékòó nígbà náà yàtọ̀ sí orin ìsìn. Àwo orin láti Amẹ́ríkà ti ń wọlé, àwọn onílé ti ń ra ẹ̀rọ gírámafóònù, ijó alẹ́ sì ti gbòde kan láàrin àwọn ọ̀làjú. Ṣówándé fẹ́ràn jáàsì, ó sì kó ẹgbẹ́ olórin jọ tí wọ́n ń kọ orin ijó. Ọmọ àlùfáà tó ń tẹ ọ́gáànì nínú ṣọ́ọ̀ṣì lọ́jọ́ Àìkú, tó tún ń tẹ píánò fún oníjó láwọn ọjọ́ yòókù, méjèèjì ló wà pọ̀ nínú rẹ̀, kò sì fi ọ̀kan sílẹ̀ nítorí èkejì títí tó fi di àgbà.

LỌ́ŃDỌ̀NÙ ỌDÚN 1934

Lọ́dún 1934, Ṣówándé kọjá sí ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Iṣẹ́ ẹ̀rọ, ìyẹn ìmọ̀ nípa kíkọ́ ọ̀nà àti afárá, ló lọ kọ́. Kó lè rí owó jẹun, kó sì san owó ilé, ó bẹ̀rẹ̀ sí í tẹ píánò jáàsì. Kò pẹ́ tí orin fi borí iṣẹ́ ẹ̀rọ, ó sì pa ọ̀rọ̀ afárá tì.

Ìdí wà tó fi jẹ́ jáàsì ló kọ́kọ́ gbà á. Láyé ìgbà náà, ilẹ̀kùn tó ṣí fún aláwọ̀ dúdú ní Lọ́ńdọ̀nù kò pọ̀. Àwọn òyìnbó gbà pé orin aláwọ̀ dúdú ni jáàsì, nítorí náà wọ́n fẹ́ kí ẹni tí yóò kọ ọ́ fún wọn jẹ́ aláwọ̀ dúdú. Àwọn ọmọ erékùṣù Karíbíà àti àwọn ọmọ Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà sì rí iṣẹ́ ṣe ní àwọn ilé ìgbafẹ́ alẹ́. Ilẹ̀kùn yìí ni Ṣówándé gbà wọlé, ṣùgbọ́n kò dúró sẹ́nu ọ̀nà.

Lọ́dún 1936, òun ló tẹ píánò nígbà tí wọ́n ṣe orin tí George Gershwin, ọmọ Amẹ́ríkà, kọ lọ́dún 1924 tó pè ní "Rhapsody in Blue". Orin yìí le. Ó da jáàsì pọ̀ mọ́ orin ẹgbẹ́ ńlá tó ní fèrè, gòjé àti ìlù, ẹni tó ń tẹ píánò sì ni gbogbo ojú ń wò. Lọ́dún yẹn kan náà, ó tẹ píánò nínú eré "Blackbirds" tí àwọn aláwọ̀ dúdú láti Amẹ́ríkà wá ṣe ní Lọ́ńdọ̀nù.

Ó tún bá Fats Waller tẹ píánò méjì pọ̀. Ẹni tó bá mọ ìtàn jáàsì yóò mọ̀ pé ọ̀rọ̀ yìí kì í ṣe eré, nítorí Waller wà lára àwọn atẹpíánò tó gbajúmọ̀ jù lọ ní gbogbo Amẹ́ríkà nígbà náà. Kì í ṣe gbogbo ẹni tó bá ní ìka mẹ́wàá ló lè jókòó ti irú wọn.

Ẹlòmíràn tí ọ̀nà wọn pàdé ni Adelaide Hall, obìnrin akọrin láti Amẹ́ríkà tó ti bá Duke Ellington ṣe àwo lọ́dún 1927. Adelaide àti ọkọ rẹ̀, Bert Hicks, tó jẹ́ ọmọ Trinidad, ní ilé ìgbafẹ́ kan ní Lọ́ńdọ̀nù tí wọ́n ń pè ní Florida. Níbẹ̀ ni Ṣówándé ti máa ń gbè é lẹ́yìn. Lọ́dún 1939, obìnrin náà ṣe àwọn àwo fún ilé-iṣẹ́ Decca, Ṣówándé ló sì tẹ ọ́gáànì nínú wọn.

KÍ NI ATẸPÍÁNÒ JÁÀSÌ Ń ṢE GAN-AN?

Ẹni tí kò bá gbọ́ jáàsì rí lè rò pé ohun àjèjì ni. Ṣùgbọ́n ọmọ Yorùbá tó bá mọ dùndún ti mọ ìdajì rẹ̀. Nínú ẹgbẹ́ onílù dùndún, ìyáàlù ló ń sọ̀rọ̀, tó ń kini, tó ń dápàárá, tó ń pòwe. Gúdúgúdú àti àwọn omele kì í ṣe bẹ́ẹ̀. Iṣẹ́ tiwọn ni kí wọ́n di ìró ìlù mú ṣinṣin, kí ìyáàlù lè rìn bó ti wù ú kó má ṣìnà. Ohun tí àwọn bíi Fats Waller ń ṣe lórí píánò nìyẹn. Ọwọ́ òsì ni omele: yóò tẹ ohùn ìsàlẹ̀ kan, yóò fò sókè tẹ ìdì ohùn mìíràn, yóò tún padà sísàlẹ̀, láì dúró, láì yára jù. Ọwọ́ ọ̀tún ni ìyáàlù tó ń sọ̀rọ̀. Ìyẹn ni pé èèyàn kan ṣoṣo ló ń ṣe iṣẹ́ onílù mẹ́ta tàbí mẹ́rin.

Ọmọ Ìlọrin tó bá sì ti jókòó síbi tí oní-dadakúàdà ti ń ṣeré ti mọ ìdajì kejì. Ọ̀gá akọrin kì í ka orin rẹ̀ látinú ìwé. Ó ní ìpìlẹ̀ tó ti mọ̀, àwọn elégbè rẹ̀ sì mọ ibi tí wọn yóò ti gbè é. Ṣùgbọ́n bó bá ti rí ẹni tó wọlé sójú agbo, yóò yí orin sí i lórúkọ, yóò kì í ní oríkì baba rẹ̀, yóò fa òwe kan yọ, lẹ́yìn náà ni yóò padà sójú ọ̀nà tó ti ń bọ̀. Orin àná kì í bá tòní dọ́gba tán. Báyìí gẹ́lẹ́ ni jáàsì rí. Wọn yóò kọ́kọ́ kọ orin tí gbogbo èèyàn mọ̀, lẹ́yìn èyí ni olórin kọ̀ọ̀kan yóò wá fi ọgbọ́n inú ara rẹ̀ tún orin náà dá lójú ẹsẹ̀, kó tó padà síbi tó ti bẹ̀rẹ̀.

Ìjọra yìí kì í ṣe àdàbọwọ́. Àwọn ọmọ Áfíríkà tí wọ́n kó lẹ́rú lọ sí Amẹ́ríkà ló gbé ìró ìlù àti àṣà kí ọ̀kan dá, kí àwọn yòókù gbè lọ síbẹ̀, lára ohun tí àwọn ọmọ wọn sì fi ṣe jáàsì nìyẹn. Nígbà tí Ṣówándé fọwọ́ kan píánò jáàsì, orin tó ti ilé lọ, tó sì ti pẹ́ lẹ́yìn odi, ló padà bọ́ sọ́wọ́ ọmọ onílé.

LÁTI ILÉ IJÓ DÉ ORÍ ÌTÀGÉ ŃLÁ

Bó ti ń fi jáàsì jẹun, bẹ́ẹ̀ ló ń kàwé lọ. Lọ́dún 1943, ó di ọmọ ẹgbẹ́ onípò gíga nínú Royal College of Organists, ìyẹn ẹgbẹ́ àwọn atẹ-ọ́gáànì ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Ìdánwò rẹ̀ kì í ṣe ti ọmọdé, nítorí ọwọ́ méjèèjì àti ẹsẹ̀ méjèèjì ni atẹ-ọ́gáànì fi ń ṣiṣẹ́ lẹ́ẹ̀kan náà. Ṣówándé kò kàn yege nìkan, ó gba àwọn ẹ̀bùn tí wọ́n ń fún ẹni tó bá ta yọ. Láàrin ogun àgbáyé kejì, ó ṣiṣẹ́ orin fún ẹ̀ka tí ìjọba Gẹ̀ẹ́sì fi ń ya fíìmù fún àwọn ilẹ̀ tó wà lábẹ́ wọn. Ó tẹ ọ́gáànì lórí rédíò BBC pẹ̀lú. Láti ọdún 1945 títí di 1952, òun ni atẹ-ọ́gáànì àti olùdarí akọrin ní gbọ̀ngàn Kingsway Hall tó jẹ́ ti ìjọ Mẹ́tọ́díìsì ní Lọ́ńdọ̀nù.

Àárín ọdún wọ̀nyí ló kọ orin tó gbé orúkọ rẹ̀ dé ibi tí ẹsẹ̀ rẹ̀ kò dé. Ọdún 1944 ni "African Suite" jáde, apá márùn-ún ló sì ní. Àwọn gòjé òyìnbó àti háàpù ló kọ ọ́ fún. Nínú apá méjì lára rẹ̀, ohùn orin Ephraim Amu, ọmọ ilẹ̀ Gáná, ló mú lò. Apá ìkẹyìn tó pè ní "Akinla" jẹ́ orin háílàìfù gidi tí ẹsẹ̀ kò lè gbọ́ kó má mira. Ilé-iṣẹ́ Decca gbé orin náà sórí àwo, àwọn ará ilẹ̀ òkèèrè sì mọ̀ ọ́n. Ní Kánádà, Clyde Gilmour tó ń ṣe ètò orin kan lórí rédíò CBC láti ọdún 1956 títí di 1997 fi "Akinla" ṣe orin tí wọ́n fi ń dá ètò rẹ̀ mọ̀. Ọ̀pọ̀ ẹni tí kò mọ ibi tí Abẹ́òkúta wà ló mọ ohùn orin ọmọ Ẹ̀gbá yìí.

Ó tún kọ àwọn orin ọ́gáànì tó jẹ́ pé orúkọ wọn nìkan ti tó láti fi ibi tó ti wá hàn: "Ọbáńgíjì", "Jésù Olùgbàlà", "Ká Múra", "Ọyígíyigì". Nínú "Ọyígíyigì" tí wọ́n tẹ̀ jáde lọ́dún 1958, ohùn orin Yorùbá kan ló mú, tó wá ń yí i sí oríṣiríṣi ọ̀nà. Ẹni tó bá tẹ́tí dáadáa yóò gbọ́ ọgbọ́n atẹpíánò jáàsì níbẹ̀, nítorí kí a mú orin kan, ká máa yí i padà láì sọ ọ́ nù, iṣẹ́ tó ti ń ṣe ní ilé ìgbafẹ́ ni.

Ó PADÀ WÁLÉ

Lọ́dún 1953, Ṣówándé padà sí Nàìjíríà láti di olùdarí orin ní ilé-iṣẹ́ rédíò ìjọba tí wọ́n dá sílẹ̀ ní 1951, èyí tó di NBC lọ́dún 1957. Ibẹ̀ ló ti rí i pé ohun tí òun mọ̀ nípa orin ilé kò tíì tó. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í wádìí lọ́dọ̀ àwọn àgbà, ó ń gba ohùn wọn sílẹ̀, ó sì ń gbé ètò jáde lórí orin àti àṣà ìbílẹ̀. Ìwádìí rẹ̀ gbé e dé ọ̀dọ̀ àwọn babaláwo, ó sì kọ̀wé lórí Ifá. Àwọn tó mọ̀ ọ́n sí atẹ-ọ́gáànì ṣọ́ọ̀ṣì lè kàyéfì, ṣùgbọ́n ojú ìmọ̀ ló fi wò ó. Lójú tirẹ̀, ẹni tó fẹ́ mọ orin Yorùbá tí kò fẹ́ mọ ohun tí Yorùbá gbà gbọ́ dà bí ẹni tó ń pọn omi sínú apẹ̀rẹ̀.

Ìjọba Gẹ̀ẹ́sì fún un ní oyè MBE lọ́dún 1956. Nígbà tí Nàìjíríà gba òmìnira lọ́dún 1960, ó kọ "Folk Symphony", orin ńlá tó fi ohùn orin ìbílẹ̀ ilẹ̀ yìí ṣe ìpìlẹ̀ rẹ̀. Lẹ́yìn náà ló lọ sí Yunifásítì Ìbàdàn, níbi tó ti ṣe ìwádìí, tó sì di ọ̀jọ̀gbọ́n.

Àwọn kan kò gbà pẹ̀lú rẹ̀. Wọ́n ń bèèrè pé, bí gòjé òyìnbó bá ń kọ orin Yorùbá, ṣé Yorùbá ló ṣì jẹ́? Àwọn mìíràn sì ń wí pé orin ìta kò yẹ nínú ilé Ọlọ́run. Ìbéèrè wọ̀nyí kò tíì tán nílẹ̀ dòní. Ṣùgbọ́n ìdáhùn kan wà nínú iṣẹ́ ọkùnrin náà fúnra rẹ̀: kò sí ọwọ́ tó mú ohun èlò kan lò tí kò ní fi àmì ara rẹ̀ síbẹ̀. Ohun tó yẹ ká bèèrè ni ẹni tó ń sọ̀rọ̀, kì í ṣe irin tàbí igi tó fi ń sọ ọ́.

Lọ́dún 1968, ó lọ sí Amẹ́ríkà láti kọ́ni ní Yunifásítì Howard. Ó tún kọ́ni ní Yunifásítì Pittsburgh àti Kent State. Ìlú kékeré kan tó ń jẹ́ Ravenna, ní ìpínlẹ̀ Ohio, ló kú sí lọ́jọ́ 13, oṣù kẹta, ọdún 1987. Ohio náà ni wọ́n sin ín sí.

OHUN TÓ FI SÍLẸ̀

Ọ̀nà tí Ṣówándé là kò dí. Akin Euba, tó kú lọ́dún 2020, àti Ayọ̀ Bánkọ́lé, tó kú lọ́dún 1976, tọ ọ̀nà náà, àwọn méjèèjì sì ṣiṣẹ́ ní NBC. Euba ló mú ìmọ̀ kan jáde pé a lè tẹ píánò bí ẹni ń lu ìlù Áfíríkà, kí ohun èlò òyìnbó náà máa sọ èdè wa. Ẹni tó bá rántí ọwọ́ òsì tó jẹ́ omele àti ọwọ́ ọ̀tún tó jẹ́ ìyáàlù yóò mọ ibi tí irú èrò bẹ́ẹ̀ ti lè wá. Lápá ti jáàsì gan-an, Nàìjíríà tún rí atẹpíánò bíi Art Àlàdé, tí àwọn àgbàlagbà mọ̀ dáadáa lórí tẹlifíṣọ̀n. Lọ́dún 2000, ẹgbẹ́ olórin Chicago Sinfonietta ní Amẹ́ríkà tún gbé lára "African Suite" sórí àwo.

Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ ká wo ohun tó sọnù. Àwọn orin tí Ṣówándé kọ sínú ìwé ṣì wà, ẹni tó bá mọ àmì orin lè tẹ̀ wọ́n lónìí. Àwọn tó wà lórí àwo náà ṣì ń dún. Àmọ́ ọ̀pọ̀lọpọ̀ alẹ́ tó fi tẹ píánò jáàsì ní Èkó àti Lọ́ńdọ̀nù, àwọn orin tó dá lójú ẹsẹ̀, ohun tí òun àti Fats Waller bára wọn sọ lórí píánò méjì, gbogbo rẹ̀ ti bá afẹ́fẹ́ lọ. Orin àtinúdá kì í dúró de ẹnikẹ́ni. Bí kò bá sí ẹni tó gbà á sílẹ̀, ọjọ́ tí wọ́n kọ ọ́ ló kú.

Ibi tí ọ̀rọ̀ yìí ti kan Ìlọrin Àfọ̀njá nìyí. Dadakúàdà jẹ́ orin àtinúdá bíi jáàsì. Kì í ṣe inú ìwé ló wà. Odòlayé Àrẹ̀mú àti Jáígbádé Àlàó ṣì ń bá wa sọ̀rọ̀ nítorí pé wọ́n ṣe àwo. Ọmọ tí wọn kò tíì bí nígbà tí Odòlayé wà láyé lè gbọ́ ọgbọ́n rẹ̀ lónìí. Ṣùgbọ́n àwo ń fọ́, kásẹ́ẹ̀tì ń hu èéfín, ọ̀pọ̀ sì wà nínú àpótí àwọn bàbá tí àwọn ọmọ yóò dà sórí ààtàn lọ́jọ́ tí wọ́n bá ń gbá ilé. Bẹ́ẹ̀ ni ti àwọn obìnrin tó ń kọ orin ìyàwó àti wákà, tí ọ̀pọ̀ wọn kò ṣe àwo rí.

Iṣẹ́ tí Ṣówándé ṣe nígbà tó padà wálé kò ju agbára èèyàn lọ. Ó tọ àwọn àgbà lọ, ó bi wọ́n léèrè, ó gba ohùn wọn sílẹ̀. Lónìí, ẹ̀rọ ìgbóhùnsílẹ̀ tó dára ju ti ìgbà rẹ̀ lọ ló wà nínú fóònù ọ̀pọ̀ ọ̀dọ́ ní Ìlọrin. Yunifásítì Ìlọrin ní ẹ̀ka tí wọ́n ti ń kọ́ nípa orin, ijó àti eré orí ìtàgé. Àwọn ilé-iṣẹ́ rédíò sì wà nílùú. Bí ọmọ kan bá jókòó ti ìyá-ìyá rẹ̀ nírọ̀lẹ́, tó ní kí wọ́n kọ orin tí wọ́n fi sìn wọ́n lọ sílé ọkọ, tó kọ orúkọ orin, orúkọ akọrin, àdúgbò àti ọjọ́ tó gbà á sílẹ̀, iṣẹ́ Ṣówándé ló ń ṣe yẹn. Bí wọ́n bá sì da àwo àtijọ́ sínú kọ̀ǹpútà kó tó fọ́, ogún ni wọ́n ń kó jọ.

Fẹlá Ṣówándé lọ kọ́ bí wọ́n ṣe ń ṣe afárá, ṣùgbọ́n kò fi irin àti òkúta kọ́ ọ̀kankan. Orin ló fi kọ́ tirẹ̀, ó sì so ilé ijó pọ̀ mọ́ ilé ìsìn, ó so Abẹ́òkúta pọ̀ mọ́ Lọ́ńdọ̀nù. Àwọn àjèjì ti ń gba orí afárá náà kọjá tipẹ́. Ó kù sọ́wọ́ àwọn onílé kí àwọn náà gbà á, kó tó di pé igbó bo ojú ọ̀nà.